Ọ̀fun Ni àbí Ẹ̀rù Ni? Ìdáhùn Wa fún Àwọn Tí Ohùn Wọn Ń Sá Níwájú Èrò

Lẹ́tà tó wọlé lórí ohùn lọ́tẹ̀ yìí pọ̀, ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń béèrè: “Mo mọ ọ̀rọ̀ sọ láwùjọ tẹ́lẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa gba ohùn mi padà?” Kí a tó mú wọn níkọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ ká là á mọ́lẹ̀ pé ohun méjì ló ń gba ohùn lẹ́nu èèyàn. Ọ̀kan wà lọ́fun, èkejì wà nínú ẹ̀rù. Ìtọ́jú ti àkọ́kọ́ kì í wo èkejì sàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń fi ọdún gbáko ṣòfò: ẹni tí ẹ̀rù ń bà ń ra oògùn ọ̀fun, ẹni tí ọ̀fun ń dùn ń wá ìgboyà kiri.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Ọ̀gá ni mí níbi iṣẹ́. Ó tó ọdún 3 tí mo ti ń sá fún ọ̀rọ̀ sísọ níwájú èèyàn, látọjọ́ tí ohùn mi ti gbọ̀n rìrì níbi ìpàdé ńlá kan. Bí mo bá dìde báyìí, èémí mi á máa já láàárín gbólóhùn, ohùn mi á sì tín-ín-rín. Tí mo bá wà nílé, ohùn mi dá ṣáká. Kí ni kí n ṣe?
*Ọ̀gá tó ń rán ọmọ iṣẹ́ lọ sọ̀rọ̀*

Ìdáhùn: Ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ara yín lóhùn. Ohùn tó dá ṣáká nílé kò lárùn lára. Bí ẹ bá fẹ́ fìdí ẹ̀ múlẹ̀, ẹ nìkan wọ yàrá, ẹ dìde dúró, kí ẹ ka ojú ìwé kan sókè bí ẹni pé èèyàn ogún ló ń gbọ́. Tí ohùn bá já gaara títí dé ìparí, tí kò há, tí ọ̀fun ò sì dùn yín lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rù lẹ máa dojú kọ. Ẹ fi ọ̀fun sílẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára yín nìyí. Afẹ́fẹ́ láti inú ẹ̀dọ̀fóró ń gba kòmóòkun gòkè wá sí gògóńgò, níbi tí tán-án-ná méjèèjì wà. Iṣan kékeré ni wọ́n, gígùn wọn lára àgbàlagbà kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 àti díẹ̀ lọ. Tí ọkùnrin bá ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 100 sí 130 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti obìnrin ń lọ sí nǹkan bí ìgbà 200. Afẹ́fẹ́ ló ń mú wọn gbọ̀n, nítorí náà bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń wá ni ohùn ṣe máa jáde. Nígbà tí ẹ̀rù bá dé, ara á tú adrenaline, èròjà tó ń mú ara gbára dì fún ewu, sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn á máa sáré, itọ́ á gbẹ lẹ́nu, iṣan ọrùn àti ti èjìká á le, èémí á sì kúrò nísàlẹ̀ wá jókòó sókè àyà. Tán-án-ná tí iṣan líle ń nà ló ń mú ohùn tín-ín-rín. Èémí kúkúrú tí kò tó gbólóhùn gígùn ló ń mú un já. Ẹ ò lè pàṣẹ fún ọkàn pé kó má sáré mọ́, ẹ ò sì lè ní kí itọ́ sun. Èémí ló tètè ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu jù nínú gbogbo wọn, òun la ṣe máa fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ gbé ìwé kan tó wúwo díẹ̀ lé ikùn, lókè ìdodo. Ẹ fi imú fa èémí sínú fún ìṣẹ́jú àáyá 4. Ìwé náà ló yẹ kó gòkè; àyà ò gbọdọ̀ fi bẹ́ẹ̀ mira. Lẹ́yìn náà ẹ pa eyín dé, kí ẹ máa tú afẹ́fẹ́ náà jáde, “ssss”, tẹ́ẹ́rẹ́, kó má pọ̀ sí i, kó má sì dín kù. Ọ̀pọ̀ ni kì í kọjá ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún láàárọ̀ àti ẹ̀ẹ̀marùn-ún lálẹ́, títí ẹ ó fi lè dé 20 sí 25. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni fífa èémí kún dẹ́nu. Èémí tó bá pọ̀ jù á ti èjìká sókè, ọrùn á sì le, ohun tí a ń sá fún gan-an nìyẹn. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ti tó. Bí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ ti ń yára jù. Ẹ dúró ná, kí ẹ máa mí bí ẹ ṣe ń mí tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí èyí bá ti mọ́ yín lára, ẹ ṣe é lórí ìdúró, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ọ̀rọ̀ rọ́pò “ssss”. Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ sílẹ̀, kí ẹ fi bírò fa ìlà sí gbogbo ibi tí ẹ ti máa mí, báyìí:

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. / Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo bá wá. / Àkọ́kọ́ ni pé owó tí a ná lọ́dún tó kọjá / ju owó tó wọlé lọ.

Bí ẹ bá dé ìdí ìlà, ẹ pa ẹnu dé, kí imú fa afẹ́fẹ́. Àwùjọ ò ní rò pé ẹ gbàgbé nǹkan kan. Àyè tí wọ́n fi ń gbé ọ̀rọ̀ mì nìyẹn. Ẹ kíyè sí ìparí gbólóhùn náà. Ibẹ̀ ni ohùn ẹni tí ẹ̀rù ń bà sábà máa ń kú sí, nítorí pé ó ti ná gbogbo èémí rẹ̀ síbi ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ fi díẹ̀ pamọ́ fún ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn.

Ó ku ẹ̀rù fúnra rẹ̀. Ọ̀gá wa, sísá tí ẹ ń sá ló ń bọ́ ọ. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá rán ẹlòmíràn lọ, ara á tù yín, ara yín á sì kọ́ pé sísá ló gba òun là. Ìgbà tó ń bọ̀, ẹ̀rù náà á ga sí i. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó ń jáde níbẹ̀ ni kí ẹ máa pa dà síwájú èèyàn díẹ̀díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gba ohùn ara yín sílẹ̀ lórí fóònù fún ìṣẹ́jú 2, kí ẹ gbọ́ ọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ sọ ọ́ fún ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán. Ẹ béèrè ìbéèrè kan níbi ìpàdé. Ẹ jábọ̀ fún ìṣẹ́jú 3 níwájú èèyàn 4 tàbí 5. Lẹ́yìn náà ìṣẹ́jú 10 níwájú gbogbo ẹ̀ka yín. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹ fún ẹ̀rù yín ní máàkì láti 0 dé 10, kí ẹ máa tún ìpele yẹn ṣe títí máàkì náà á fi wálẹ̀ sí 4 tàbí kó dín, kí ẹ tó bọ́ sí òmíràn. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ̀rù rẹ̀ á ti hù padà kó tó tún dìde.

Ohun méjì kan wà tí ìwádìí ti fi hàn, ó sì ń ṣe wá láàánú pé àwọn tó nílò wọn jù kì í gbọ́. Ní 2003, Kenneth Savitsky àti Thomas Gilovich rí i pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ máa ń rò pé ẹ̀rù òun hàn sí àwùjọ ju bó ṣe hàn gan-an lọ. Àwọn tí wọ́n ti sọ èyí fún kí wọ́n tó dìde sì sọ̀rọ̀ dáadáa ju àwọn tí kò mọ̀ ọ́n lọ. Ìgbọ̀nrìrì tó ń dún bí ààrá nínú yín, ìlà àkọ́kọ́ àwùjọ lè má gbọ́ ọ rárá. Èkejì ni iṣẹ́ Alison Wood Brooks, tó jáde ní 2014: ẹni tó bá sọ fún ara rẹ̀ pé ara òun ti yá gágá fún ọ̀rọ̀ náà ń ṣe dáadáa ju ẹni tó ń fipá mú ara rẹ̀ rọlẹ̀ lọ. Ọkàn tó ń sáré kì í fẹ́ rọlẹ̀ kíá, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti sọ eré rẹ̀ di ìtara. Nítorí náà, kí ẹ tó dìde, ẹ sọ ọ́ jáde lẹ́nu pé: “Ara mi ti yá.”

Ìbéèrè: Olùkọ́ ni mí. Ó ti lé lóṣù méjì tí ohùn mi ti há. Mò ń mu omi gbígbóná, mò ń lá súwíìtì ọ̀fun, mo sì ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ kí ohùn lè sinmi. Kò lọ. Wọ́n sì ti ní èmi ni máa sọ̀rọ̀ níbi ayẹyẹ ìparí ọdún ilé-ìwé wa.
*Olùkọ́ tó ń pariwo*

Ìdáhùn: Ẹ lọ rí dókítà etí, imú àti ọ̀fun lọ́sẹ̀ yìí. Ohùn tó bá há ju ọ̀sẹ̀ 3 lọ ti kúrò ní ohun tí a ń wò níran. Bí ẹ bá ń mu sìgá, tí oúnjẹ ń há yín lọ́fun, tí ẹ ń tutọ́ tó ní ẹ̀jẹ̀, tí kókó wú lọ́rùn, tàbí tí èémí yín ń dún, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ 3 rárá. Dókítà á ki kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba imú lọ wo tán-án-ná. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, kì í gba iṣẹ́ abẹ. Ó lè jẹ́ pé tán-án-ná kàn wú ni, tàbí kí kókó kéékèèké ti yọ sára rẹ̀ nítorí ariwo, tàbí kí omi kíkan inú ikùn máa gòkè wá jó o. Ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ, èyí tó ṣeé tọ́jú dáadáa bí wọ́n bá tètè rí i. Ẹ sọ fún dókítà bí ẹ bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ rí, torí ẹ̀sọ ara (nerve) tó ń darí tán-án-ná gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá. Ẹ sọ fún un bí ẹ bá ń fẹ́ oògùn ikọ́ fée sẹ́nu. Irú àwọn oògùn bẹ́ẹ̀ tó ní steroid, èròjà tó ń mú wíwú rọlẹ̀, lè mú ohùn há, ó sì yẹ kí ẹ máa fi omi yọ ẹnu àti ọ̀fun lẹ́yìn tí ẹ bá lò ó, kí ẹ tu omi náà dà nù.

Àwọn ohun tí ẹ ń ṣe ńkọ́? Ẹ jáwọ́ nínú wúyẹ́wúyẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fún iṣan ọ̀fun pọ̀ tí wọ́n bá ń ṣe é, ìnira rẹ̀ sì máa ń ju ti ọ̀rọ̀ gidi lọ. Ìsinmi ohùn ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́, tàbí ohùn pẹ̀lẹ́ tí ẹni tó wà ní ìwọ̀n apá kan sí yín lè gbọ́. Ẹ yé fi “hẹ̀m, hẹ̀m” tún ọ̀fun ṣe: ńṣe ni tán-án-ná méjèèjì ń gbára wọn lábàrá nígbà yẹn, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á sì tún pọ̀ sí i. Ẹ gbé itọ́ mì tàbí kí ẹ mu omi lẹ́ẹ̀kan. Omi dára, ṣùgbọ́n kì í kan tán-án-ná rárá, torí ọ̀nà èémí máa ń dé nígbà tí a bá ń gbé nǹkan mì. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà dé ibẹ̀, ìyẹn ló fi jẹ́ pé omi tí ẹ mu ní wákàtí mélòó kan kí ẹ tó sọ̀rọ̀ wúlò ju èyí tí ẹ gbé mì lórí pèpéle lọ. Ohun tó ń kàn án tààrà ni ooru omi: ẹ fi imú àti ẹnu fà á fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, kí omi náà má hó, kó má bàa bó yín lójú. Ní ti súwíìtì tó ń ta tútù lọ́fun, ó ń pa ìrora ni. Ẹ̀yin á wá máa sọ̀rọ̀ lọ, ẹ ò ní mọ̀ pé ẹ ń dá kún ọgbẹ́.

Iṣẹ́ tí a fẹ́ràn jù fún ohùn tó rẹ̀ kò gbówó lórí. Ẹ bu omi dé ìdajì ife, ẹ wá sitírọ́ọ̀ tí ihò rẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 5. Ẹ ti sitírọ́ọ̀ náà bọ omi ní sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, ẹ fi ètè pa á mọ́, kí ẹ wá máa kùn “ùùù” gba inú rẹ̀ kí omi máa yọ ìfóófòó. Ẹ ṣe é fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sinmi, kí ẹ tún ṣe é, kí ẹ sì máa gbé ohùn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè láìfipá. Ẹ fi ọwọ́ pa imú dé láàárín. Bí ìró ò bá yí padà, ẹ ń ṣe é bó ti yẹ. Bí ó bá yí padà nígbà tí ẹ pa imú, afẹ́fẹ́ ló ń gba imú jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹrin sí márùn-ún lójúmọ́. Ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ ni pé afẹ́fẹ́ tí sitírọ́ọ̀ dí lọ́nà ń tì padà sí ọ̀fun, ó ń ya tán-án-ná díẹ̀ kúrò lára wọn, wọ́n á lè máa gbọ̀n láìgbára wọn mọ́lẹ̀. Bí ìfóófòó bá ń yọ láìsí ìró, afẹ́fẹ́ lásán lẹ ń fẹ́, kò sì sí àǹfààní níbẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ kókó ni dókítà rí, ẹ má sáré sí iṣẹ́ abẹ láìkọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ onímọ̀ ìtọ́jú ohùn. Bí ariwo ló fa kókó, tí ẹ ò sì yí bí ẹ ṣe ń lo ohùn padà, kókó mìíràn á yọ. Bí ó bá jẹ́ omi kíkan, ẹ jẹun alẹ́ ní wákàtí 3 kí ẹ tó sùn, kí ẹ gbé ibi orí ibùsùn fúnra rẹ̀ sókè ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Ìrọ̀rí tí a tò léra ń ká ikùn pọ̀ ni. Ní kíláàsì, ẹ pàtẹ́wọ́ fi pe àwọn ọmọ sí àkíyèsí, ẹ má fi ohùn ṣe é, kí ẹ má sì máa bá pátákó sọ̀rọ̀. Bí ayẹyẹ náà bá dé tí ohùn ò tíì bọ̀ sípò, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn sọ ọ́.

Ìbéèrè: Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n máa lo propranolol, òmíràn ní kí n mu ọtí díẹ̀ kí n tó gorí pèpéle. Èwo ló dára?

Ìdáhùn: Kò sí èyí tí ẹ gbọdọ̀ gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Propranolol ń dín eré ọkàn àti gbígbọ̀n ọwọ́ kù, àwọn dókítà kan sì ń kọ ọ́ fún èèyàn nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè pa ẹni tó ní ikọ́ fée lára gidigidi, kò sì bá ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù díẹ̀ jù tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ mu. Dókítà ló gbọ́dọ̀ yẹ̀ yín wò. Ọtí ń mú ahọ́n wúwo, ó ń gbẹ ẹnu, ó sì ń kọ́ yín pé ẹ ò lè sọ̀rọ̀ láìmu ún. Bí ẹ̀rù bá ti dé ibi tí ẹ ń pàdánù iṣẹ́ nítorí rẹ̀, ẹ wá onímọ̀ ìrònú tó ń tọ́jú ìbẹ̀rù. Ìpele-ìpele tí a kọ fún ọ̀gá lókè ló pọ̀ jù nínú ohun tó máa bá yín ṣe, òun á kàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, akólòlò sì ni mí. Mo fẹ́ gbèjà iṣẹ́ àṣekágbá mi níwájú àwọn olùkọ́. Wọ́n ní kí n ní ìgboyà, kólòlò á lọ.

Ìdáhùn: Ọmọ wa, àìnígboyà kọ́ ló fa kólòlò, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹ̀bi yẹn lé ọ lórí. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ ni bó ṣe máa rọrùn fún ọ. Sọ ọ́ fún wọn ní gbólóhùn àkọ́kọ́ pé o máa ń kólòlò, pé kí wọ́n fara balẹ̀ fún ọ. Ìgbà tí o bá ń fi pamọ́ ló máa ń le jù. Bí ọ̀rọ̀ bá há, má ti í. Tú èémí díẹ̀ jáde, kí o wá gbé sílébù àkọ́kọ́ náà wọlé pẹ̀lẹ́, kí o fà á díẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ kí wọ́n fi àkókò kún tìrẹ. Ó tọ́ sí ọ.

Ọba George kẹfà ti Gẹ̀ẹ́sì náà kólòlò. Kó tó jọba, ọ̀rọ̀ tó sọ ní Wembley ní ọjọ́ 31 oṣù October 1925 le koko fún un. Ní 1926 ló lọ sọ́dọ̀ Lionel Logue, ọmọ Ọsirélíà tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ, tó fi iṣẹ́ èémí bẹ̀rẹ̀ fún un, tí wọ́n sì jọ ń sàmì ibi ìdánudúró sínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tó bá àwọn èèyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní ọjọ́ 3 oṣù September 1939, díẹ̀díẹ̀ ló sọ ọ́, ó ń dánu dúró, ó sì sọ ọ́ parí. Kólòlò rẹ̀ ò pòórá.

Ìbéèrè: Bí mo bá gba máìkì, yálà kó máa hu tàbí kí wọ́n ní àwọn ò gbọ́ mi.

Ìdáhùn: Ẹ wo ọwọ́ yín. Ẹni tó bá fi ọwọ́ bo orí máìkì á mú un hu. Ẹ di ọrùn rẹ̀ mú, kó wà ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10 sí ẹnu, díẹ̀ nísàlẹ̀ ètè, kí afẹ́fẹ́ “p” àti “b” gba orí rẹ̀ kọjá. Bí ẹ bá yí orí, kí máìkì tẹ̀ lé e. Ẹ má dúró síwájú àpótí tí ohùn ń ti jáde, ẹ̀yìn rẹ̀ ni àyè yín. Kí ẹ sì má pariwo nítorí pé ẹ ń gbọ́ ara yín láti òkèèrè.

Ìbéèrè: Ohùn mi dára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ máa ń fò lọ lọ́kàn mi pátápátá láàárín.

Ìdáhùn: Ẹ ti há gbogbo rẹ̀ sórí, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ kan bá sọnù, èyí tó tẹ̀ lé e náà á sọnù. Gbólóhùn mẹ́rin àkọ́kọ́ àti méjì tó gbẹ̀yìn nìkan ni kí ẹ há sórí. Ẹ kọ àárín sórí páálí kékeré, ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lórí kókó kọ̀ọ̀kan, ní lẹ́tà ńlá tí ẹ lè rí lórí ìdúró, kí ẹ kọ iye owó, déètì àti orúkọ èèyàn sílẹ̀ ní kíkún. Ẹ kọ nọ́ńbà sí igun páálí kọ̀ọ̀kan, wọ́n máa ń já bọ́ lọ́wọ́. Kí ẹ sì sọ ọ́ jáde lẹ́nu nígbà tí ẹ bá ń múra sílẹ̀, lórí ìdúró, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta. Kíkà á lọ́kàn ò kọ́ ẹnu ní nǹkan kan. Bí ó bá fò lọ síbẹ̀, ẹ pa ẹnu dé, ẹ mí jáde, ẹ wo páálí, kí ẹ tún gbólóhùn tó gbẹ̀yìn sọ. Ìṣẹ́jú àáyá 3 yẹn á gùn lójú yín, kò gùn lójú ẹni tó jókòó. Kí ẹ sì bu omi sínú ife kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, ìdajì ife péré, torí ó ṣòro láti ṣí ìdérí ìgò nígbà tí ọwọ́ bá ń gbọ̀n.